Ṣé Lóòótọ́ Ni Bàbá Onígìtá Kórìíra Ràpù?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ro ẹjọ́ kan fún yín. Ẹjọ́ òkú ni, àmọ́ ẹ má fòyà, kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Bàbá mi ló kú, àwa ọmọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ túká nítorí ohun tí a rò pé Bàbá kórìíra.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò rántí Bàbá Onígìtá. Rọ́ọ̀kì ni bàbá mi ń kọ. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe orin ìjọ. Rọ́ọ̀kì, pẹ̀lú gìtá oníná, irun tó kún orí, àti ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbálẹ̀ fún odidi agboolé. Bàbá tó bí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní bàbá àgbà yẹn sọ pé bí ajá méjì bá ń jà lórí páànù, òun ò ní mọ ìyàtọ̀.

Kùráǹ, iná mànàmáná, ni ọ̀tá Bàbá. Ẹ mọ bí iná ṣe máa ń ṣe wá. Bí orin bá ti ń wọra lọ́wọ́, iná á lọ, gìtá á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá á fi ẹnu parí ohun tí gìtá bẹ̀rẹ̀: wẹ̀ẹ̀ẹ̀ǹ, wẹ́n-wẹ́n, wẹ̀ẹ̀ẹ̀ǹ. Àwa ọmọ kọ́ ọ, à ń fi ẹnu ta gìtá káàkiri àgbàlá. Nínú gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi Koládé ló mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Koládé yẹn ti dàgbà báyìí. Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Bessé àti Okpara, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Òun ni àkọ́bí, òun ló ń ṣe olórí ẹbí láti ìgbà tí Bàbá ti lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adúkẹ́, wà ní yunifásítì ní Parakou. Ọmọ náà ń kọ ràpù. Èdè Ṣábẹ̀ẹ́ wa ló fi ń kọ ọ́ o, kì í ṣe Faransé. Nígbà tí ìrántí ọdún kan Bàbá ń bọ̀, ó pè mí, èmi àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Tanti, mo ti ṣe ọ̀kan fún Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Pàpá sọ ọ́."

Mo bá a sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni? Ṣé mi ò rí ohun tí Bàbá máa ń ṣe sí ràpù nílé ni?

Mo rí i. Gbogbo wa la rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á gbé ràdíò wọn lé itan, wọn á gbọ́ ìkéde òkú: ta ló kú, níbo ni wọ́n ti fẹ́ sin ín, àna wo ni wọ́n ń pè. Lẹ́yìn ìkéde ni ètò àwọn ọ̀dọ́, ràpù ni wọ́n sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí olórin tó la ẹnu, Bàbá ti pa ràdíò. Ojoojúmọ́ ni. Wọn kì í sọ nǹkan kan, wọn á kàn pa á, wọn á dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí èèyàn kò fẹ́ gbọ́ láàyè, ta ni yóò wá máa pariwo rẹ̀ lé e lórí nínú sàréè? Mo pe ọmọ náà, mo jíṣẹ́ fún un. Adúkẹ́ gbọ́, ó sunkún. Ó ní bí òun ò bá lè fi ẹnu òun kí bàbá àgbà òun, òun ò ní wá sílé fún ìrántí náà rárá. Kò gbé fóònù bàbá rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ náà, ẹ kúkú mọ olórí kunkun, ó ní kó má wá.

Inú mi bàjẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà tún ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi orin rẹ̀ wé ìjà ajá, ṣé irú rẹ̀ ló yẹ kó máa pa ràdíò mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu? Àbí ẹni tí wọ́n ti bú rí ló mọ èèyàn bú jù?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn pé kí ni Bàbá ìbá sọ nípa ràpù. Bàbá kan tó máa ń jó níwájú Bàbá láyé ọjọ́sí ní wọn ìbá sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn olórin ràpù, wọn ò kọ́ ohun èlò kankan. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní wọn ìbá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ọmọ ìyá ni rọ́ọ̀kì àti híp-họ́ọ̀pù, inú ìyà kan náà ni wọ́n ti wá. Ìyàwó pásítọ̀ ní Bàbá ti wà lọ́dọ̀ Olúwa, wọn ò ráyè ìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ohun tí kálukú fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi sí Bàbá lẹ́nu. Òkú kì í sáà jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ kí Ìyá wa. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ràdíò Bàbá wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A jọ gbọ́ ìkéde. Obìnrin kan kú ní Okpara, Boni ni wọ́n ti fẹ́ sin ín. Ìyá ní àwọn mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n mi orí. Ìkéde parí, ìlù ràpù bẹ̀rẹ̀. Ìyá na ọwọ́, wọ́n pa ràdíò.

Mo wò wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà kò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Kí ni mi ò fẹ́ràn?"

"Ràpù. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí. "Orin wo? Pílì ni mò ń tọ́jú. Bàbá yín ló kọ́ mi. Wọ́n ní bí òkú bá ti tán, ká pa á, kí pílì lè dé ọ̀la."

Pílì! Bátìrì lásán! Ẹ ò rí nǹkan? Ọkùnrin tí kùráǹ ti dójú tì níwájú èrò kò gbẹ́kẹ̀ lé iná mọ́ títí wọ́n fi kú. Nínú ilé tí a ti fa iná sí, ràdíò oníbátìrì ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń ṣọ́ bátìrì náà bí ẹyin. Wọn ò gbọ́ ràpù débi tí wọn yóò fi kórìíra rẹ̀. Ká ní àdúrà ló ń tẹ̀ lé ìkéde òkú ni, àdúrà ni wọn ìbá máa pa.

Mo bẹ Ìyá pé ká tan ràdíò padà, mo ní èmi ni n ó ra pílì. Wọ́n tẹ́tí, ọwọ́ wọn dúró sínú ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn òkú látọjọ́ yìí nìyí?" Wọ́n tún gbọ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí ló ń bí ọmọ yìí nínú tó báyìí, ṣé ó tiẹ̀ ti jẹun?

Mo bi wọ́n bóyá Bàbá ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Ìyá mi kì í purọ́ mọ́ òkú. Wọ́n ní ohun tí àwọn mọ̀ ni pé bí Bàbá bá gbọ́ ohun tuntun, ìbáà ṣe orin wéré àwọn mùsùlùmí nígbà ààwẹ̀, ìbáà ṣe ìpolówó ọṣẹ, wọn kì í sọ pé ó dára tàbí kò dára. Gìtá ni wọ́n máa ń gbé, wọn á máa wá ibi tí gìtá lè gbà wọlé. Bí wọ́n bá rí i, wọn á rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá rí i, wọn ò ní jẹun alẹ́.

Ìyá fúnra wọn ló ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Pílì ni, Koládé." Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀yìn ràdíò, ó wo bátìrì inú rẹ̀. Ó ní ó dáa, Bàbá kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní ká sọ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni, mo gbà fún un. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún ọmọ náà kó máa bọ̀, àmọ́ kó má jẹ́ kó gùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é fúnra yín." Ó gbé fóònù lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Adúkẹ́ náà bi mí pé kí ni Ìyá àgbà sọ gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti gìtá tó ń wá ibi wọlé.

Ọjọ́ ìrántí pé. Pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ẹbí wa tó jẹ́ mùsùlùmí ṣe tiwọn, a jẹun. Adúkẹ́ dìde pẹ̀lú máíkì. Ó ki Bàbá, ó fi ṣòkòtò wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo Bàbá, wọn ò sá. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìlù ń lọ, ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró. A rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. Àbí máíkì ló bàjẹ́?

Àyè ló fi sílẹ̀. Ibi tí gìtá ìbá gbà wọlé.

Àyè náà ṣófo débi pé ó dùn mí wọ egungun. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: wẹ̀ẹ̀ẹ̀ǹ, wẹ́n-wẹ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Olórí ẹbí, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó di ojú, ó ń fi ẹnu ta gìtá Bàbá. Mo gbè é. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo ń fi ẹnu ta gìtá. Adúkẹ́ jẹ́ ká ta á tán kó tó padà wọnú orin rẹ̀.

Títí dòní, a ò mọ ohun tí Bàbá ìbá sọ nípa híp-họ́ọ̀pù. Bóyá wọn ò tiẹ̀ ní jẹun alẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká má máa fi ohun tí a rí lókèèrè dá ẹjọ́ fún òkú, nígbà tí ẹni tó ń jókòó tì wọ́n ṣì wà láyé, tí a ò bi í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ gbà pé òbí yín kórìíra, ta ló sì sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Bí èsì mi bá pẹ́, ẹ má bínú, mò ń lọ ra pílì. Ìyá ní àwọn ò pa ràdíò mọ́ bí òkú bá tán.