Ẹrẹ̀ Inú Àgbá Pàǹtí Mi

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí àwọn kólẹ̀kólẹ̀ kọ̀ láti gbé àgbá pàǹtí mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní Sátidé tí a ṣe ìmọ́tótó àdúgbò, mo ní kí àwọn tó ń kó gọ́tà da ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú àgbá náà. Mo fi ewé gbígbẹ bò ó kí ó má baà rí wúruwùru.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn kólẹ̀kólẹ̀ méjì gbé e. Wọn kò tíì gbé e dé orókùn tí èyí àgbà nínú wọn fi sọ ọ́ kalẹ̀, tó di bàdí mú.

"Mọ́mì, ta lẹ sin síbí?"

Èkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èyí àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú rẹ̀ mẹ́rin ni àwọn ti gbé láàárọ̀ yẹn, òun kò ní gbé ìkarùn-ún. Wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ.

Inú bí mi. Mo lọ fẹjọ́ sun alága wa. Nígbà tí mo padà délé, mo ní kí n sún àgbá náà kúrò lẹ́nu géètì. Kò mì. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Nípàdé ọjọ́ Sọ́ńdè, alága ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn kólẹ̀kólẹ̀ náà, kí wọ́n lé ọkùnrin tó kọ̀ láti gbé àgbá náà lẹ́nu iṣẹ́.

"Mi ò ní kọ ọ́."

"Akọ̀wé, ṣebí ẹ̀yin lẹ mú ẹjọ́ wá?"

"Èmi náà ni mo jẹ̀bi, Àlàájì."

"Iṣẹ́ wọn ni."

"Pàǹtí ni iṣẹ́ wọn. Ẹrẹ̀ ni mo kó sínú rẹ̀. Àgbá náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e, màá kọ lẹ́tà náà lónìí."

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àlàájì, ẹ rọra o, ìyàwó kékeré ṣì ń retí yín nílé."

Ó bínú dìde, gbogbo wa tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì mi. Ó ká apá agbádá rẹ̀, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, àgbá náà kò mì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

A kò kọ lẹ́tà kankan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bu ẹrẹ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Kólẹ̀kólẹ̀ àgbà náà ṣì ń bá ọkọ̀ wọn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́gbọ́n lára mi. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé àgbá yín wò kí ẹ tó gbé e síwájú ẹlòmíràn. Bí ó bá wúwo jù fún yín, ẹ má pe ẹni tó kọ̀ ọ́ ní ọ̀lẹ.