Ojú-Ìwé Tí Àwọn Àgbà Eléré Kì Í Kà

Ingalill Borgvad ti ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro Norrköping láti ìgbà tí kò tíì sí ewú kan lórí rẹ̀. Bó bá ní kí èrò sún sẹ́yìn, wọn a sún sẹ́yìn. Ó lẹ́nu, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin yìí kì í ṣe awakọ̀ mọ́. Ó ti di Vendla nìyẹn, olè ọlọ́wọ́ fẹ́lẹ́ tó ti jí adé ọba mẹ́ta gbé, tó sì dá méjì padà torí pé wọn ò bá a lórí mu.

Eré ni o. Eré tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe nídìí tábìlì ni: oníkálukú a dá èèyàn kan sílẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀, a sì máa fi ẹnu onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Olùdarí a máa sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di bóyá á ṣeé ṣe, bóyá kò níí ṣeé ṣe, wọn a da dáìsì. Odò Dúdú lorúkọ eré náà, Torkel Wennerlöf sì ni Olùdarí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Sixten, ọkọ Ingalill, ló máa ń ṣe Gorm, bàbá atukọ̀ kan tí kò mọ odò í wẹ̀. Gorm yìí a máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín débi pé wọn kì í fẹ́ lọ sílé.

Nígbà tí Sixten kú, tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹnìkan kó lọ sí Malmö. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó wá ku Ingalill, Torkel, àti Gudmund tí etí rẹ̀ ti di, tí wọ́n bá ní kó gun ẹṣin, á ní òun ti fi idà ṣá a. Àwọn tó ni ilé ìkàwé tí wọ́n ń lo yàrá rẹ̀ ò fi bò: bí èèyàn márùn-ún ò bá pé kí ìgbà ìrúwé tó wọlé, àwọn tó ń fi òwú hun ìbọ̀sẹ̀ ló máa gba yàrá. Kì í sì í ṣe yàrá lásán ni Ingalill fẹ́ pàdánù. Ibẹ̀ nìkan ló kù nílé ayé tí wọ́n ti ń dárúkọ Sixten láìkọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn kọjá ààlà nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà kéde pé àtúntẹ̀ tuntun ìwé òfin rẹ̀ ń bọ̀. Òfin rẹ̀ á fúyẹ́, àwòrán rẹ̀ á máa dán, àwọn ọ̀dọ́ á wọ́ tọ̀ ọ́. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ta ni wọ́n gbé e fún kó kọ ọ́? Torkel! Torkel tiwọn! Ingalill tí kì í ra bíà fún ẹnikẹ́ni ra bíà fún un lọ́jọ́ náà.

"Ìwé tuntun wo ló máa gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí?" ni Gudmund wí.

"Gudmund, mu bíà ẹ," ni Ingalill dá a lóhùn. "Màá mú wọn wá fún ẹ, wàá fi ọwọ́ kàn wọ́n."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ilé ìtajà eré tó wà létí odò gbé tábìlì kalẹ̀ kí àwọn èèyàn wá tọ́ eré tuntun náà wò. Ingalill ní òun ni òun máa darí. Ó ti ka ìwé náà tán, àbí ohun tó pè ní tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn àgbà eléré kì í ka apá ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé fún àwọn òpè ohun tí eré jẹ́, tí wọ́n sì ń kọ àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn eléré ń bá ara wọn sọ. Ọ̀ta ayò wo ló máa jókòó kí wọ́n tún máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ọmọ ayò sójú ọpọ́n? Orí òfin ìjà ni wọ́n ń ṣí lọ tààrà, kí wọ́n lè tètè rí ohun tí wọ́n máa bínú sí. Ingalill náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bínú sí òfin ọfà, ó bínú sí òfin ẹṣin, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Àlejò mẹ́ta ló jókòó tì í. Tuva ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Melker ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ga bí òpó iná, Hedda sì jẹ́ ìyá ọmọ kan tó yà wá ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, tó sì ti gbàgbé ọmọ tó fẹ́ rà á fún. Torkel wà lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú kọfí rẹ̀, ó ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn tó rà.

Àṣà ilé ìtajà náà ni pé kí àwọn àlejò kọ́kọ́ pín àpẹẹrẹ inú ìwé kà sókè, kí ìtìjú lè kúrò lójú wọn. Melker mú ọ̀rọ̀ Olùdarí, Tuva mú ti eléré kan tó ń jẹ́ Britta. "Bí Eléré Bá Ń Dá Eré Dúró" ni wọ́n kọ sókè ojú-ìwé náà.

Melker wú ohùn rẹ̀: "'Omi ti gbé bàbá atukọ̀ lọ. Ẹ ò rí i mọ́.'"

Tuva fi ohùn arúgbó sunkún: "'Má pa á o! Jọ̀ọ́, má pa á. Ṣáà sọ pé ó wà lódìkejì odò. Ṣáà sọ pé kò tíì dé ni!'"

Hedda fi ọwọ́ gbá tábìlì, ẹ̀rín ń pa á.

"'Britta,'" ni Melker ń kà lọ, "'eré lèyí, kì í ṣe ibi ìsápamọ́sí. Jẹ́ kí ìtàn máa lọ.'"

Àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú: obìnrin kan tó di bébà mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, awò ojú rẹ̀ rọ̀ sọ́rùn pẹ̀lú ṣéènì.

Ingalill fọwọ́ kan ṣéènì awò ọrùn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kò lé, kò dín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ìsìnkú Sixten ló sọ ọ́, nígbà tí Torkel ní ó yẹ kí Gorm náà kú kí eré lè tẹ̀síwájú. Gbogbo wọn ló gbà fún Ingalill lọ́jọ́ náà pé kí Gorm má kú. Torkel fúnra rẹ̀ ló dìde, tó gbá a mọ́ra, tó ní, "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì yìí, ìdí ẹ̀ ló máa kú sí." Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Tuva nu ojú rẹ̀. "Ṣé irú Britta yìí wà lóòótọ́?"

"Ó wà," ni Ingalill wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro ló ń wà."

"Yéè! Ṣé ó ṣì ń ṣeré?"

"Ó ṣì ń ṣe é."

Ó ní kí wọ́n ronú orúkọ tí wọ́n máa jẹ́ nínú eré, ó dìde, ó bá Torkel níbi tó jókòó sí.

"Torkel, ta ni Britta?"

Ojú Torkel tàn. "Áà, ìyẹn! Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rín in."

"Mo sọ fún wọn! Ojú-ìwé tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn jù nìyẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ mọ̀ pé eré yìí kì í ṣe ti arúgbó tó ń sunkún kiri mọ́."

"Èmi ni mò ń sunkún yẹn, Torkel. Ọkọ mi la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin."

"Mo yí orúkọ padà."

"O yí orúkọ padà. O wá fi ṣéènì mi sílẹ̀ nínú àwòrán."

Torkel wo inú kọfí rẹ̀. "Mo kàn júwe fún ayàwòrán ni. Mo rò pé wàá rẹ́rìn-ín. Àbí kí lò ń fẹ́ gan-an? O ní o fẹ́ èèyàn. Èèyàn rèé! Ojú-ìwé yẹn ló fà wọ́n wọlé."

Èyí tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni. Ká ní irọ́ ni, ì bá bú u, ọkàn rẹ̀ ì bá sì balẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí mú ọjọ́ tó burú jù láyé rẹ̀, ó sọ ọ́ di àwàdà, ó tà á, ọjà náà sì tà. Inú bí i débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń wá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kó lè máa lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí Hedda ń bi Melker bóyá èèyàn lè jẹ́ adájọ́ àti ọ̀mùtí pọ̀. Ó padà sídìí tábìlì.

Ó darí eré títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé ìtajà. Melker fi pẹ́pẹ́yẹ fún ẹ̀ṣọ́ ní rìbá, pẹ́pẹ́yẹ náà bu ẹ̀ṣọ́ jẹ. Hedda adájọ́ dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n máa dìde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn ń bọ̀ ní Túsìdé.

Tuva dúró sẹ́yìn. Ó ti ń wo ọrùn Ingalill láti bíi wákàtí kan, ìtìjú sì ti mú kí etí rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin ni Britta."

"Ingalill lorúkọ mi."

"Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá ilé ìkàwé gbóná fún èrò. Gudmund wọ ẹ̀wù tó lọ̀, ó ń sọ fún Melker pé òun ti pa ẹṣin púpọ̀ láyé òun. Ingalill jókòó sí àga Olùdarí, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Torkel wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì oníṣúgà tó máa ń rà wá, ó rí i níbẹ̀, ó dúró.

"Tábìlì ti kún, Torkel."

"Kún báwo? Àga méjì ló ṣófo yìí."

"Àga wà. Ẹni tí mo lè sunkún níwájú ẹ̀ ni mò ń wá."

"Kí ló wí?" ni Gudmund bèèrè.

Torkel gbé búrẹ́dì náà lélẹ̀. Ó wo ojú oníkálukú wọn, ó sì jáde.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé ni omi bọ́ lójú Ingalill, níwájú àlejò mẹ́ta tí kò tíì mọ̀ dáadáa. Kò nù ún. Ó dúró, ó ń retí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rín.