Ibi Tí Ọmọ Bàbá Mítà Kò Wọ̀ Rí

Mo rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi máa ń wú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé nítorí obìnrin kan. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo gba yàrá kan ní Yaba, mo sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré tí mo lò ní Èkó ti tó fún mi láti máa júwe ọ̀nà fún àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Fóònù ni mo gbójú lé. Ohun tí fóònù bá sọ fún mi láàárọ̀, n ó máa sọ ọ́ lọ́sàn-án bí ẹni pé ó ṣojú mi kòrókòró.

Obìnrin tí mo ń wí yìí ń ta oògùn ní ilé oògùn kan ní Àgùdà, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Ó ti tó ọdún kan tí a ti ń fẹ́ra. Ìyá mi nílé ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n mú un wá kí ọdún tó parí, gbogbo wa la sì mọ̀ pé obìnrin tó bá bá ọkùnrin lọ kí ìyá rẹ̀ nílé kò kàn lọ kí i lásán. Ìgbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀rín ló fi máa ń dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kan, a jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí, ní ilé oúnjẹ kan ní Yaba tí mi ò jẹ́ kó sinmi lára wa, mo tún dá a sílẹ̀. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

“Ọdún kan rèé tó o ti ń mú mi wá sórí àga yìí,” ó ní. “Ṣé orí ẹ̀ náà la máa jókòó sí títí ọjọ́ alẹ́?”

Inú bí mi díẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ibi tó ń jẹ́ ibi láti Mushin dé Ọ̀yìngbò tí mi ò mọ̀, pé òun ni kò béèrè. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó dáa. Mú mi lọ síbì kan ṣoṣo lápá ibí yìí tí mi ò wọ̀ rí, ibi tó dáa, tí kì í ṣe ilé oúnjẹ tuntun. Sátidé mẹ́fà ni mo fún ẹ. Tó o bá rí i, màá bá ẹ lọ kí ìyá ẹ. Tó ò bá rí i, má dárúkọ ìyá ẹ sí mi létí mọ́.”

Mo gbà kí ó tó sọ ọ́ tán. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Sátidé àkọ́kọ́, mo mú un lọ sí Mushin, sí ilé búrẹ́dì kan tó ṣì ń fi iná igi yan búrẹ́dì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló júwe rẹ̀ fún mi. Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé a ní láti tò tẹ̀lé ara wa, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì ti pàdé wa kí a tó rí ilé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un, tí mo ń nawọ́ sí ẹnu ààrò bí olùkọ́, nígbà tí ẹni tó ni ibẹ̀ yọjú, àgbàlagbà kan tí ìyẹ̀fun kún orí. “Ọmọ Bàbá Mítà,” ó ní, “o mà ti dàgbà o. Bàbá ńkọ́?” Obìnrin mi kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì méjì lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni mo gbé e.

Ojú ọ̀nà ló ti wá sọ ohun tó ti fi pamọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni láti máa wọ ojúlé dé ojúlé ka mítà iná, kí mítà tí a ń fi fóònù ra iná sí tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá kò rí ẹni fi ọmọ tì, ó bá ń mú un dání ní gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Ọmọ náà ló máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mítà tó bá wà ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi rìn báyẹn, wọ́n wọ ilé gbígbé, wọ́n wọ ilé iṣẹ́, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Irú ẹni tí mo bá ta tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Sátidé kejì, mo gbìyànjú Surulere. Mo ti gbọ́ nípa bàbá ayafọ́tò kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kì í da fọ́tò tí olówó rẹ̀ kò wá gbà nù. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ìyàwó tuntun, ọmọ ọwọ́, ọkùnrin tó wọ kóòtù ẹni ẹlẹ́ni, ọ̀rẹ́ méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú. Ibẹ̀ wù mí gan-an. Mo yíjú sí obìnrin mi láti mọ̀ bóyá ó wú òun náà lórí, ṣùgbọ́n bàbá ayafọ́tò ti wọ yàrá inú lọ. Nígbà tí ó jáde, fọ́tò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi aṣọ nù: ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, tó di tọ́ọ̀ṣì mú bí ọ̀pá àṣẹ. “Bàbá ẹ ní àwọn ń bọ̀ wá gbà á,” ni bàbá náà wí. Mo pàdánù lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ gba fọ́tò náà, inú mi sì dùn ju ti ẹni tó borí lọ.

Òjò gba Sátidé kẹta. Ní ti ẹ̀kẹrin, mo lo ọgbọ́n. Mo ní bó bá jẹ́ mítà ló mú un dé gbogbo ibi, ibi tí kò ní iná ni kí n wá. Mo rí ọgbà ẹ̀fọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè lẹ́yìn Ọ̀yìngbò. Mi ò rí ilé níbẹ̀, mi ò rí wáyà, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro nìkan ló tẹ́ rẹrẹ. Rélùwéè ń kọjá, àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ ń juwọ́ sí àwọn èrò inú rẹ̀. Mo dúró, mo ń retí ìyìn. Ó kàn rìn tààrà lọ sí ìdí ìbẹ́pẹ kan, ó fi ọwọ́ gbé ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi mítà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi hàn mí. Ó ní kí n kà á. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, “Òṣómàáló, ẹ kú ìrìn o.” Orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ àwa Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, àwa tí a kì í dìde níbi tí a bá lóṣòó sí títí a ó fi gba owó wa.

Sátidé karùn-ún, ilé àtijọ́ kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tà ni, tí wọ́n fín ọnà sára fèrèsé onígi rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ dì mọ́ ọn, ó béèrè bàbá rẹ̀, ó gbé ẹ̀pà kalẹ̀ fún wa. Mi ò tilẹ̀ ṣàlàyé nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí mo ṣe ń pàdánù tó yìí, inú mi ń dùn ní àwọn Sátidé wọ̀nyẹn ju bó ṣe máa ń dùn ní ilé oúnjẹ lọ, mo sì ti rí i pé mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá obìnrin yìí rìn. Ẹnu ara mi ni mo sì fi gbà pé n ó dákẹ́ bí mo bá pàdánù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kù, mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní Àgùdà nígbà tí ọmọ wà níbi iṣẹ́. Bàbá náà jókòó síwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Tó o bá pàdánù ńkọ́?” ó bi mí.

“Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe o.”

Ó pe ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, ó ra méjì, ó na ọ̀kan sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní ilé kan wà ní Jíbówú, lẹ́yìn gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ ìlú òkèèrè, géètì dúdú ló ní. Ó ní bí àwọn bá débẹ̀ láyé ọjọ́un, òun a máa fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó wà níta, òun a sì sọ fún un pé ajá burúkú wà nínú ilé.

“Ṣé ajá náà ṣì wà níbẹ̀, sà?”

“Ajá kankan ò sí níbẹ̀ rí,” ni bàbá wí. “Mú un lọ. Má dárúkọ mi.”

Nígbà tí mo délé, mo fi fóònù wá ibẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, àgàgà ọmọdé tó jẹ́ orí fóònù ló gùn.

Ní Sátidé kẹfà, a la àárín àwọn tó ń pe èrò Ìlọrin àti Àkúrẹ́ kọjá, a yà sẹ́yìn gáréèjì. Bí obìnrin mi ṣe rí géètì dúdú náà, ó dúró.

“Mi ò wọ ibí yìí,” ó ní. “Ajá wà níbẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀. Mo ti géètì ṣí, mo wọlé, ó di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi mú tẹ̀ lé mi. Àgbàlá ńlá ni, igi àgbálùmọ̀ kan ló bo ìdajì rẹ̀, ariwo gáréèjì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Lábẹ́ igi náà, àwọn àgbàlagbà bíi méjìlá jókòó méjì méjì sídìí tábìlì, wọ́n ń fi ìdérí ìgò ta dráfù. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ẹnì kan ń bó ọsàn fún gbogbo wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ajá yín ńkọ́?” obìnrin mi béèrè.

“Ajá kẹ̀?” ni ẹni tó ń bó ọsàn wí. “Níbo?”

Ara ògiri ni ojú rẹ̀ bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ “Ọ̀gá Dráfù” síbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó bá borí lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n kọ “Bàbá Mítà.” Ó súnmọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó ń rò, gbogbo wákàtí tó fi jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ̀ọ̀lì, tí àánú bàbá rẹ̀ ń ṣe é pé ajá lè bù ú jẹ. Mo rò pé ó máa bínú. Ẹ̀rín ló gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà náà mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá.”

Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí.

“Ta ló sọ ibí fún ẹ?”

Bàbá ní kí n má dárúkọ òun, mo bá gba ọsàn kan lọ́wọ́ ẹni tó ń bó o, mo ń mu ún. Ó tún wo ògiri. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, omi ló kù níbẹ̀.

“Bàbá mi ò sọ ibí fún èmi ọmọ ẹ̀ rí,” ó ní. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. “Ọjọ́ wo là ń lọ kí ìyá ẹ?”

Ọdún kẹjọ rèé tí ìyá mi ti gbé e mọ́ra. Àgùdà la ń gbé, a ti bí ọmọ méjì, orúnkún bàbá kò sì jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí Jíbówú ní Sátidé, a ó sì jókòó ta dráfù. Kò tí ì sí ọjọ́ tí mo borí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo tó ní ìgboyà láti bi í pé kí ló dé tó fi àṣírí ogún ọdún lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kò gbójú sókè kúrò lórí tábìlì.

“Ẹsẹ̀ ni mo fi jẹun,” ó ní, “mo mọ ẹni tó ń rìn tí mo bá rí i. Ọmọ yẹn, èmi ni mo máa ń mú un rìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, ẹni tó máa mú un rìn lẹ́yìn mi ni mo ń wá.”

Mo kàn ti ìdérí ìgò kan síwájú láìwò ó. Ó jẹ ìdérí ìgò mi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì bìkítà.