Òpó Ọparun Létí Ọ̀sà Bárígà

Ilé bàbá mi ní Ṣómólú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rédíò. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn ni mo ń sọ o, èyí tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ ni, tí ìjọba ń fún ni níwèé àṣẹ lé lórí. N kò fi jẹun. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ní Bajuláyè ní àdúgbò wa náà, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ yẹn wà lára ohun tó ń yọ mí lẹ́nu. Wáyà èríà mi wà lórí òrùlé, mo so ó láti ara táǹkì omi dé ara ògiri ilé kejì. Bí mo bá tan rédíò, ariwo jẹnẹrétọ̀, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti ṣájà gbogbo àdúgbò á kún etí mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan gúgúrú. Mo máa ń gbọ́ àwọn ará Gánà àti àwọn ará Kánò. Àwọn tó wà ní òdì kejì òkun, n kì í gbọ́ wọn, wọn kì í sì í gbọ́ mi.

Àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí rédíò ló sọ fún mi pé kí n wá etí omi lọ. Ó ní ilẹ̀ gbígbẹ àti sìmẹ́ǹtì máa ń gbé ohùn mì, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í gbé e mì, ńṣe ló máa ń tì í síwájú, tí á fi máa fò lọ sọ́nà jíjìn. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ létí omi, ẹni náà kì í sì í bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ìyá ìyàwó mi ni. Ìlàjẹ ni wọ́n, òun ni ìyàwó mi ń pè ní Màmá, òun ló tọ́ ọ dàgbà ní Bárígà, nínú ilé pákó tí wọ́n kọ́ sórí omi, níbi tó ti ń yan ẹja tà. Mùsùlùmí ni èmi, ọmọ ìjọ tirẹ̀ ló sì fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́. Kò wá síbi ìgbéyàwó wa. Ìyàwó mi náà kò padà lọ. Àwọn ọmọ wa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama láìmọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá a láìsọ fún ìyàwó mi. Ó ń to ẹja sórí ààrò nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ ri òpó ọparun tí màá fi gbé wáyà rédíò mi sókè. Ó gbọ́ mi tán, ó béèrè bóyá òpó náà kò ní í fa àrá. Mo ní bí òjò bá ṣú, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó ní, “Ẹ rì í mọ́ ẹ̀yìn ilé, níbi tí kò ti ní dí ọ̀nà ọkọ̀.”

“Ẹ” tí èèyàn ń lò fún àlejò ló lò fún mi. Kò béèrè ọmọ rẹ̀.

Mo ri òpó ọparun náà, mo fa wáyà lọ sókè lára rẹ̀, mo ju àwọn wáyà mìíràn sínú omi nísàlẹ̀. Bátìrì mọ́tò ni mo fi tan rédíò. Kò sí ariwo kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin kan ní etíkun Bùràsíl dá mi lóhùn, ó ní ohùn mi mọ́ gaara. Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni.

Láti ìgbà náà, mo ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Mo ṣàkíyèsí pé tí òjò bá pọ̀, tí omi odò ya wọnú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù, ohùn mi kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á padà. Iyọ̀ yìí kan náà ló ń jẹ ojú ibi tí mo ti so wáyà pọ̀, tí bàbà rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, tí màá sì jókòó máa ha á.

Èéfín ẹja tó wà lára aṣọ mi ló tú mi fó. Ìyàwó mi ní, “Ilé Màmá lẹ ń lọ.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ara wọn le. Mo ní ó le. Kò ní kí n má lọ mọ́.

Nínú òjò ọdún kejì, ojú ọ̀run ṣú lójijì. Mo sáré láti sọ òpó kalẹ̀, pákó ti tutù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sáàárín pákó méjì. Ẹsẹ̀ òsì dá. Àwọn aládùúgbò fà mí jáde, ìyá náà fi ọparun pẹlẹbẹ di ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fi fóònù mi pe ìyàwó mi. Ìyàwó mi sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá náà fún mi nígbà tó yá: “Ọkọ rẹ ṣubú. Kò kú. Máa bọ̀.”

Orí ẹní ni mo wà nígbà tó wọlé. Kò tíì wò mí tó fi kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà.

Ìyá náà ní, “Dìde, ilẹ̀ tutù.”

Àwọn méjèèjì ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní Ìgbóbì. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á máa fi Ìlàjẹ bá ara wọn sọ̀rọ̀. N kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo ti mọ̀, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ n kò lè gun nǹkan mọ́. Okùn ni mo fi ń fa wáyà sókè báyìí láti ibi tí mo jókòó sí. Ìyàwó mi ń lọ sí Bárígà jù mí lọ, ìyá náà sì wá jẹun nílé wa ní Iléyá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, nílé Màmá, mo ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti erékùṣù kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó mi ń fọ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ dín ohùn ọkùnrin náà kù, Màmá ń sọ̀rọ̀.