Bí Mo Ṣe Sá Ara Mi Sóòrùn Bí Ìgò Àdín

Lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi Sùnmọ́nù, tó máa ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Ìbà, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ lè ru lára èèyàn kó má mọ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Jìmọ́ọ̀, lọ yẹ ara rẹ wò. Èmi rò pé orí lásán ló ń fọ́ mi." Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn náà.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wọ lọ́rí lọ bá dókítà l'Ékòó. Ó fi aṣọ kan dì mí lápá, ó ń fún afẹ́fẹ́ sí i, ó wá ń mi orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń fi agbára lu ara iṣan, pé ibi tó bá ti ṣèṣe, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà á sì máa fún. Ó fún mi ní hóró oògùn kí n máa lò ó lójoojúmọ́, kí agbára yẹn lè rọlẹ̀.

Ọ̀rá kẹ̀? Èmi tí mo ń ta àdín àgbọn l'Ọ́jọ̀ọ́! Nígbà ọyẹ́, ṣebí gbogbo ìgò àdín ló máa ń dì gbagidi? Kí là ń ṣe sí i? A ó sá a sóòrùn ni! Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ń ṣàn.

Oògùn náà tún ń dí mi nímú. Aládìín tí imú rẹ̀ dí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bí àdín bá ń jóná? Mo bá di oògùn náà sínú àkísà, mo fi sábẹ́ ẹní. Láràárọ̀, màá bọ́ ẹ̀wù, màá jókòó sáàárín àwọn ìgò mi nínú oòrùn, màá máa mu omi gbígbóná.

Ìyàwó mi, Ìyá Bísí, ń kọjá lọ. Ó ní, "Baba Bísí, bí oníbàárà bá dé, èló ni kí n pe tiyín?"

Nígbà tó di ọjọ́ keje, ní kùtùkùtù, mo fẹ́ gbé ìgò síta, ojú mi ṣókùnkùn. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi gan-an! Mo figbe ta.

Ìyá Bísí gbé ìgò kan tí a sá lánàá, ó dojú ẹ̀ dé níwájú mi. Kò kán! Ó tún ti dì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ sá ara yín?" Ló bá fa oògùn yọ lábẹ́ ẹní. Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́!

Ọjọ́ náà ló mú mi padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tún wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo ṣàlàyé oòrùn ló tó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ dín ara mi ni? Ó ní ọ̀rá yẹn kì í yọ́ bí àdín, àti pé bí oògùn bá dí mi nímú, òun ló yẹ kí n sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹní.

Mo bi í bóyá oògùn náà á ṣí ọ̀rá yẹn kúrò. Ó ní òun ò ní parọ́ fún mi. Èyí tó ti lẹ̀, òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹ̀jẹ̀ bá rọlẹ̀, bóyá kò ní máa pọ̀ sí i.

"Bóyá" yẹn ni mo ń fi omi gbé mì láràárọ̀ báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti bọ̀ sípò, òun ni mo sì fi ń kọ èyí. Mo mọ àdín, mi ò mọ ara mi. Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ sọ tiyín náà fún wa: oògùn tí dókítà fún yín, abẹ́ ẹní wo ló wà?