Omi Àdúrà Lẹ́yìn Àwọ̀n

N kò rántí dájú bóyá ìyá mi ló fún mi ní ìgò omi àdúrà náà lẹ́yìn ìsìn ní Barking nílùú Ọba, tàbí èmi ni mo jí i gbé. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tí à ń tì lẹ́yìn ti kángun sí àṣekágbá; bí a bá pàdánù, a kógbá wọlé. Ọ̀mì ni títí di ìsinmi tó kẹ́yìn. Nígbà ìsinmi náà, mo sún mọ́ etí pápá, mo wọ́n omi sára gíláàsì ẹ̀yìn àwọ̀n gólì wa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dójú tì wá o!” ni àbúrò mi obìnrin tó bá mi wá wòran wí.

“Ìwọ ṣáà ṣe àmín.”

Góòlù kan ni wọ́n fi nà wá. Mo di ẹ̀bi ru ìgbàgbọ́ mi tó kéré, títí àbúrò mi fi wádìí rẹ̀: ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń pààrọ̀ ìhà lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan; àwọ̀n àwọn alátakò ni mo ti gbàdúrà fún.