Ta Ló Ń Dín Dòdò Náà?

Bí ẹ bá pè mí wá jẹun nílé yín, tí ẹ sì gbé dòdò kalẹ̀, ẹ má bínú bí mo bá kọ́kọ́ béèrè pé ta ló dín in. Kì í ṣe ìfura, kì í sì í ṣe àìmoore. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí ẹ̀ tí kò tíì yé mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó sì ti pẹ́ o.

Kaduna la wà nígbà náà, ní Ungwan Boro, láàárín àwọn ọdún 1990. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, màmá mi ń ta aṣọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, torí kò sẹ́ni tó kù nínú ilé ọ̀hún mọ́ àfi ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń wọlé wá jẹ èèpo iṣu. Haúsá méjì péré ló gbọ́: "sannu" tí wọ́n fi ń kíni, àti "nawa ne" tí wọ́n fi ń béèrè iye ọjà. Ó sì máa ń lo méjèèjì pa pọ̀. Ẹni bá kí i lójú ọ̀nà, á ní, "Sannu, nawa ne?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in. "Ọkọ mi" ló máa ń pè mí. N ò gbọ́ kó pe orúkọ mi gan-an rí.

Bọ̀ọ̀dá mi ló mú eré náà wọlé. Wọ́n ti yunifásítì wọn pa nítorí ìyanṣẹ́lódì, ó bá kó ìdọ̀tí aṣọ rẹ̀ padà sílé, ó kó eré tuntun kan mọ́ ọn, tó kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Eré yìí kò ní ọpọ́n, kò ní ọmọ ayò. Ẹnì kan ló máa jẹ́ sarkin wasa, ìyẹn ọba eré. Òun ló máa sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Ẹ̀yin yòókù ẹ óò máa sọ ohun tí ẹ ṣe: mo sá, mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé òkúta. Bí ohun tó o fẹ́ ṣe bá le, wàá da dáìsì lúdò, ohun tí dáìsì bá sọ labẹ gé. Ìbẹ̀rù sì ni gbogbo ìdí eré náà. Bọ̀ọ̀dá mi ní ẹni tẹ́rù bá bà jù ló gbádùn jù. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

Tiẹ̀ kò bà mí lẹ́rù rárá ní tèmi. Ilé olódi ìlú òyìnbó ni ṣáá, pẹ̀lú yìnyín àti òkú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Èmi tí n ò rí yìnyín rí àfi inú fíríìjì màmá mi! Mo ní kó gbé òkú rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó jẹ́ kí èmi náà jọba.

Èmi mọ ibi tó ti bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ kejì Sallah, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Haúsá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, lọ sí ọgbà ìṣeré kan nínú ìlú, tí gbogbo wa ń pè ní páàkì. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn yípo lọ sókè. Àga tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè téńté ni iná lọ. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹnu mi sì ń rẹ́rìn-ín, n ò lè dá a dúró. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń jẹ súyà, wọn ò tiẹ̀ wòkè. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sì sọ̀ wá kalẹ̀, a wọ ilé kékeré kan tí wọ́n ya eyín gbọọrọ sí lára. Wọ́n kọ "Gidan Dodo" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn Ilé Dodo, torí dodo lédè Haúsá ni abàmì tó ń jẹ èèyàn. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹnì kan fò jáde pẹ̀lú ìbòjú onírun, ọ̀rẹ́ mi figbe ta. Èmi wo ẹsẹ̀ dodo náà, mo rí sílípáàsì aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí bàbá mi ń wọ̀ lọ balùwẹ̀ gan-an. Sílípáàsì yẹn ló dẹ́rù bà mí ju ìbòjú lọ. Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀, n ò mọ̀.

Bí mo ṣe kó páàkì wọnú eré nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tó ń yí láìsí iná. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tí kì í gbójú sókè. Àwọn òbí tó ń jẹ súyà tí wọn ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, tóun náà ń bá wa ṣe é, pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Mo fẹ́ lọ sílé!" A ò mọ̀ bóyá inú eré ló ti ń sọ ọ́ ni, àbí òótọ́ ló fẹ́ máa lọ. Títí a fi yanjú ẹ̀, omijé ti dé ojú ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi bá ṣòfin: bó o bá fẹ́ sọ ohun tí kì í ṣe ti eré, di etí rẹ mú kó o tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tá a bá di etí mú sọ, òótọ́ ni. Èyí tá a bá sọ láì di etí mú, eré ni.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ò lẹ́nu ni?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, páàkì là ń lọ o."

"Páàkì kẹ̀? Ṣé ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti kún ni?"

Páàkì tí wọ́n ti ń wọkọ̀ nìkan ló mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. A ṣàlàyé kẹ̀kẹ́ fún un, a ṣàlàyé òfin etí, ó ní ó yé òun, ká máa lọ. Mo mú un kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ó kí i, "Sannu, nawa ne?" Mo mú un dé ibi tó le jù.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ ti dé Gidan Dodo. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí lẹ máa ṣe?"

"Màá wọlé ni. Kí ni mo tún ń dúró ṣe? Kí wọ́n bù ú fún mi pẹ̀lú ẹ̀wà."

Bọ̀ọ̀dá mi ṣubú lulẹ̀ lórí àga. Inú bí mi, kí n má parọ́. Gbogbo ìbẹ̀rù tí mo ti ń sè látàárọ̀ ló dà nù yẹn. Mo ní ṣé dòdò lẹ fẹ́, ó dáa, dòdò náà ni màá fi dẹ́rù bà yín. Mo ní agbada wà lórí iná, òróró ń hó, dòdò ti ń pọ́n.

Ó ní, "Ta ló ń dín in?"

N ò tíì ro ìyẹn. Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan nídìí iná."

Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan. Dòdò sì ń yí ara ẹ̀ padà nínú òróró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bojú wẹ̀yìn wo ilé ìdáná wa. Ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ọkọ mi, jẹ́ ká jáde níbẹ̀."

Èmi tí mo dá a sílẹ̀ fúnra mi, orí mi wú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tá a wá sọ ohun tí dodo jẹ́ lédè Haúsá fún un, ó pàtẹ́wọ́: "Háà! Dòdò tó ń jẹ èèyàn! Àwa la máa ń jẹ tiwa o!" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, kò ní jẹ́ kí n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tí á fi ní, "Ṣé a ò lọ páàkì ni?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í jáde nínú eré bó bá ti wọ̀ ọ́. Màmá mi dín dòdò lọ́jọ́ Sunday kan, Ìyá àgbà ti àwo sẹ́yìn. "Gbé e kúrò níwájú mi. Èyí tó gbé mi jẹ lánàá kò tíì pọ̀ mí tán." Àwọn ìyá ìjọ wá kí i, wọ́n ní, "Màmá, ṣé ara le?" Ó ní, "Ara le o. Òkè kẹ̀kẹ́ ni mo wà. Iná lọ, wọn ò tíì sọ̀ mí kalẹ̀." Àwọn ìyá ìjọ wo màmá mi. Màmá mi wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ fún bàbá mi pé orí Màmá ti ń dà rú, pé ẹ̀rù ń ba òun láti fi í sílẹ̀ nìkan nílé bí òun bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pinnu pé kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìbátan kan máa yọjú sí i. Yọjú! Sínú ilé ewúrẹ́ yẹn! Bàbá mi ò ní ìgboyà láti là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó kàn ní, "Màmá, lọ́jọ́ Sátidé, a ó mú yín lọ sí páàkì."

Ìyá àgbà wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, bùbá funfun rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọkọ mi, bá mi fọ èyí. Bàbá ẹ ní a ń lọ páàkì ní Sátidé! Màá gun kẹ̀kẹ́ yẹn lójúkojú!"

Mo gba bùbá náà. Páàkì tí bàbá mi ń wí yé mi, èyí tó wà lọ́kàn tiẹ̀ náà yé mi. Mo ju bùbá sínú bàsíà, mo kọjá tààrà sí pálọ̀ lọ bá bàbá mi. Mo ní orí Ìyá àgbà kò dà rú, eré ni. Mo ṣàlàyé dodo, mo ṣàlàyé dòdò, mo ṣàlàyé kẹ̀kẹ́ àti etí. Bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó gbóná. Ó ní, "Eré wo ni àgbàlagbà ń ṣe tó fi ń sọ pé dòdò gbé òun jẹ?"

Mo ní kó pè é. Ó pè é. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà báyìí?"

Ìyá àgbà wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo màmá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di etí mú. "Ungwan Boro ni mo wà, nínú pálọ̀ ìwọ ọmọ mi. Ìwọ lo máa ń jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ ní kékeré, tí wàá ní ológbò ni, bẹ́ẹ̀ a ò ní ológbò. Orí mi pé, ó pé ju tìẹ lọ." Ló bá tú etí sílẹ̀. "Ó yá, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Sátidé dé, kò sẹ́ni tó lọ sí páàkì kankan. Màmá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rín tí ẹ ń rín yìí, kí Olúwa má jẹ́ kó di ẹkún."

Wọ́n ṣí yunifásítì padà, bọ̀ọ̀dá mi lọ. Àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Barakallahu, ní ìpẹ̀kun kejì ìlú. Ó wá ku èmi àti Ìyá àgbà. À ń lọ páàkì wa. Ó máa ń béèrè nígbà míì bóyá bàbá àgbà ti jẹun; mo ní ó ń jẹ súyà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó fi iyọ̀ sínú tíì, ó ní ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ló ní kóun fi í. Bàbá mi á yọjú, á ní, "Eré ni àbí òótọ́?" Màá wo ọwọ́ Ìyá àgbà. Kò sí ní etí. Màá ní, "Eré ni, sà." Òfin ṣáà ni òfin, kí ni mo tún fẹ́ wò? Mo ti ka ọjọ́ wọ̀nyẹn síwá sẹ́yìn, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni eré, èyí kọ́.

Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni. Mo wà nílé ìdáná, mò ń dín dòdò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ta ló ń dín in?"

Mo rẹ́rìn-ín sínú, n ò wẹ̀yìn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan nídìí iná, Ìyá àgbà. Ó ń yí ara ẹ̀ padà ni."

Ó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí ńkọ́? Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Èmi? Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo yíjú padà kí n lè rí bí yóò ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó di etí mú.

Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Dòdò ń jó lẹ́yìn mi. Èmi náà di etí mú, mo fi ọwọ́ kejì di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyá àgbà, ilé lẹ wà. Èmi ni. Ọkọ yín ni."

Ó wò mí pẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò tó ṣe é lóore lọ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò ní etí.

"O ṣeun, ọmọ dáadáa," ó ní. "Páàkì wo wá lèyí?"